Ìmẹ̀sí-Ilé Nínú Ìwé Àwọn Onímọ̀ Ìlera

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo láàrin àwa Yorùbá, a kì í dá a sọ. A ó ní bàbá wa ni ó wí i bẹ́ẹ̀, tàbí pé odù báyìí ni ó sọ ọ́, tàbí pé ẹnu arọ́kin ni a ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà pàápàá a máa kọ́kọ́ tọrọ àyè pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe," kí àwọn àgbà tó dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ìwà yìí kò jìnnà sí èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gíga ń hù nígbà tí wọ́n bá kọ ìwé ìwádìí, tí wọ́n sì to orúkọ àwọn tí wọ́n ti rí ọgbọ́n kọ́ lọ́dọ̀ wọn sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ìtọ́kasí ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Ní òde òní, ìtọ́kasí ti kúrò ní ọ̀ràn ìbọ̀wọ̀ fún àgbà nìkan. Ó ti di ohun tí a ń kà bí ẹni ka owó. Ẹni tí ó bá dúró ní òpópónà Táíwò ní Ìlọrin, yálà ní Táíwò Òkè tàbí ní Táíwò Ìsàlẹ̀, láàrin àwọn ilé ìfowópamọ́ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó kún ibẹ̀, lè rí oríṣi ìwé méjì tí ń kọjá lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ọ̀kan ni ìwé olùkọ́ Yunifásítì tí ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, tí ó kọ iye àròkọ tí ó ti tẹ̀ jáde sínú rẹ̀ àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí wọn. Èkejì ni káàdì ìyá ọlọ́mọ tí ń ti ilé ìtọ́jú bọ̀, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí a kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwọ̀n ọmọ náà sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rò pé ìwé méjèèjì bá ara wọn tan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì bára tan, nítorí ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà tí iṣẹ́ tí a ṣe níbẹ̀ bí irú méjèèjì. Bí ìwé kìn-ín-ní kò ti lè ka gbogbo ohun tí ìwé kejì ṣe ni ìtàn tí mo fẹ́ pa.

Kí a tó dé ìlú náà, ó yẹ kí a mọ ibi tí ìṣirò ìtọ́kasí ti wá. Ní 1955, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Eugene Garfield kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà Science, ó sì dábàá pé kí a máa to ìwé ìwádìí jọ nípa àwọn ìtọ́kasí inú wọn. Àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ rẹ̀ ni ó wò kọ́ ọ. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ní ìwé tí ń fi hàn wọ́n bí a ti dárúkọ ẹjọ́ kan nínú ẹjọ́ mìíràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìdájọ́ àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí Garfield ṣe ni pé, dípò kí a ka ìwé kan kí a sì rí àwọn bàbá rẹ̀, a ó mú bàbá, a ó sì rí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní 1964, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia mú Science Citation Index wá sójú ayé. Ohun èlò fún ìwárí ni ó fi ṣe, kò fi ṣe òṣùwọ̀n ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti lè kà, kì í pẹ́ tí a ó fi máa fi í díwọ̀n. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California, gbé òṣùwọ̀n tí a ń pè ní h-index kalẹ̀: ẹni tí mẹ́wàá nínú àwọn ìwé rẹ̀ ti rí ìtọ́kasí mẹ́wàá mẹ́wàá ó kéré tán, tí ìyókù kò sì tó bẹ́ẹ̀, 10 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Google Scholar, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, sì sọ ìṣirò náà di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yíjú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1956 ni dókítà ọmọdé kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni. A bí i ní England ní 1923, ó sì ti kàwé ní Cambridge àti ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó ni ilé ìwòsàn Iléṣà nígbà náà. Ní àwọn ọdún 1970 ni ó tó di apá kan ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀. Ohun tí Morley rí níbẹ̀ ni ohun tí gbogbo dókítà ilé ìwòsàn ń rí: àwọn ọmọ tí a gbé dé nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Dókítà lè ka àwọn tí ó kú ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò lè mọ iye àwọn tí ó kú sílé, kò sì lè mọ ohun tí ó ti ń jẹ ọmọ náà run láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Nílé, wọ́n a ní àbíkú ni. Nílé ìwòsàn, wọ́n a kọ orúkọ àìsàn tí ó pa á gbẹ̀yìn sílẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó sọ ìtàn ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1957, òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì Margaret Woodland wà nínú wọn, mú iṣẹ́ náà lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì, nítorí níhà ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn wà ní Igbájọ. Ohun tí wọ́n ṣe kò ní idán nínú. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a ń bí ní ìlú náà sílẹ̀, nǹkan bí 400, àti ọmọ tí ara rẹ̀ le àti èyí tí ara rẹ̀ kò le, wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n láti ìgbà ìbí títí wọ́n fi dàgbà díẹ̀. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, wọ́n a kọ ọ́. Bí ó bá kú, wọ́n a kọ ọ́ pẹ̀lú. Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìyá oko, ìyá ọjà, ìyá tí ó ń ti ilé ọkọ lọ sí ilé bàbá rẹ̀, kí gbogbo wọn máa mú ọmọ wá fún ọdún púpọ̀ sọ́dọ̀ àlejò tí kò fún wọn lówó. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ wa, sùúrù àwọn ìyá yìí ni mo fi ṣáájú.

Láti inú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti jáde. Ní 1963, Morley, Woodland àti W. J. Martin tẹ ìwé kan jáde lórí èéyi lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, nínú èyí tí wọ́n fi èéyi ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wé ti England láyé òde òní àti láyé àtijọ́. Ní ọdún kan náà, Morley kọ òmíràn lórí ètò ìtọ́jú tí ó yẹ fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ní 1964, òmíràn jáde lórí àlàfo tí ó wà láàrin ìbí kan sí èkejì ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìyẹn ìlú tí àwọn ìyá ti ń fún ọmọ lọ́mú pẹ́, tí ọkọ àti aya sì ń takété síra wọn títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ìwé ńlá lórí ìdàgbà àti oúnjẹ àwọn ọmọ náà jáde ní 1968.

Ìwé èéyi ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Lójú dókítà England ní àwọn ọdún 1950, àìsàn kékeré ni èéyi. Ọmọ a máa lò ó bí ẹni lo òtútù, yóò sì kọjá lọ. Àkọsílẹ̀ Ìmẹ̀sí fi hàn pé ní tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ a ṣú, a sì bó. Ẹnu rẹ̀ a di egbò tí kò fi ní lè mú ọmú. Ìgbẹ́ gbuuru a dé sí i. Ìwọ̀n rẹ̀ a já wálẹ̀, ó sì lè tó oṣù púpọ̀ kí ó tó padà sí ibi tí ó wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ebi pa kú, èéyi ni ó kọ́kọ́ bì wọ́n ṣubú. Ọ̀rọ̀ yìí rìn nínú ìwé àwọn onímọ̀, a sì tọ́ka sí i púpọ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ èéyi dé, àti nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un pẹ̀lú ti ṣọ̀pọ̀nná káàkiri Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ní 1967.

Kì í ṣe ìyìn nìkan ni ìtọ́kasí ń mú wá. Morley gbàgbọ́ pé àìjẹunkánú ni ó sọ èéyi di apani ní ilẹ̀ wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, Peter Aaby, ará Denmark tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Guinea-Bissau, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun mìíràn: ọmọ tí ó kó èéyi láti ara ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ilé kan náà ń kú ju ẹni tí ó kó o níta lọ, nítorí kòkòrò tí ó wọ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Lójú Aaby, bí ènìyàn ti pọ̀ tó nínú yàrá wúwo ju bí oúnjẹ ti tó lọ. Iyàn yìí gbóná, ó sì pẹ́. Bí a bá ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ Morley nínú iyàn náà, iye yóò ga; ṣùgbọ́n nínú wọn ni àwọn tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n lè ta kò ó wà. Iye kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó kí ọ àti ẹni tí ó bú ọ. Síbẹ̀, n kò ka èyí sí àbùkù. Ẹni tí a bá jiyàn, a ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó rìn jìnnà jù nínú gbogbo èyí kì í ṣe ìwé ìwádìí rárá. Káàdì ni. A to àwọn oṣù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti oṣù tí a bí ọmọ. A to ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì ń gòkè lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, àárín wọn ni Morley sì pè ní ọ̀nà ìlera. Nígbà tí ìyá bá mú ọmọ dé, nọ́ọ̀sì a gbé e sórí ìwọ̀n, a sì fi àmì tóótó kan sí ibi tí ó bọ́ sí. Ohun tí a ń wò kì í ṣe bóyá ọmọ tóbi tàbí ó kéré, bí kò ṣe ibi tí àwọn àmì náà dorí kọ. Bí wọ́n bá ń gòkè, kò séwu. Bí wọ́n bá dúró sójú kan fún oṣù méjì mẹ́ta, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tí kò kàwé púpọ̀ lè kà á, ìyá tí kò kàwé rárá sì lè rí i pé ìlà ọmọ òun ń lọ sókè tàbí pé ó ti tẹ̀.

Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu ni pé ọwọ́ ìyá ni a fi káàdì náà sí, nínú ọ̀rá, kí ó máa gbé e lọ sílé. Àṣà ilé ìwòsàn ni pé ìwé aláìsàn kì í jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kò sọ káàdì nù. Ilé ìwòsàn ni ìwé ti ń sọnù. (Ẹni tí ó bá ti wá fáìlì nílé iṣẹ́ ìjọba rí kò ní bá mi jiyàn lórí èyí.) Wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ dá àti èyí tí ara rẹ̀ kò dá lójú kan náà, lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìyá tí ó rin ọ̀nà jíjìn kò ní padà wá lọ́la nítorí abẹ́rẹ́ nìkan.

Morley kúrò ní Nàìjíríà ní 1961, ó sì lọ kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ tí a pè ní TALC sílẹ̀, láti máa ta àwòrán àti ohun èlò ìkọ́ni ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ilẹ̀ òkèèrè. Ìwé rẹ̀, Paediatric Priorities in the Developing World, jáde ní 1973. Ní 1982 a fún un ní ẹ̀bùn King Faisal fún iṣẹ́ ìṣègùn. Ní ọdún yẹn kan náà, nígbà tí James Grant, olórí UNICEF, to ohun mẹ́rin tí yóò gba ẹ̀mí ọmọdé là káàkiri ayé, wíwọ̀n ọmọ lórí káàdì ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó kan omi iyọ̀ oun ṣúgà, ọmú ìyá, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde fún ìlà inú káàdì, láti ara àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ Ghana wà nínú wọn.

Mélòó nínú àwọn ìyá tí ó ń gbé káàdì yìí kiri ni ó mọ orúkọ Morley? Mélòó nínú àwọn dókítà tí ó kọ ìwé lórí ìwọ̀n ọmọ ní ogún ọdún sẹ́yìn ni ó tọ́ka sí ìwé Ìmẹ̀sí? Wọn kò pọ̀. Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ti ṣàkíyèsí pé bí ọgbọ́n kan bá wọ ara gbogbo ènìyàn tán, a kì í tọ́ka sí ẹni tí ó ni ín mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣòro fún Yorùbá láti lóye, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni òwe ń ṣe. Nígbà kan rí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́. Lónìí, a ní àwọn àgbà ni ó wí i. Káàdì Ìmẹ̀sí ti di òwe. Bí ó ti ń wúlò sí i ni orúkọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ń parẹ́ nínú ìwé, ìṣirò ìtọ́kasí sì lè ka èyí sí pé iṣẹ́ náà ti kú.

Morley kọ́ ni ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera àwùjọ tirẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Adétòkunbọ̀ Lucas, tí a bí ní Èkó ní 1931, tí ó sì di Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ìdènà àìsàn ní Ìbàdàn ní 1965, bá Herbert Gilles kọ ìwé kékeré kan lórí ìlera àwùjọ ní ilẹ̀ olóoru, tí ó jáde ní 1973, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ́ títí di òní. Láti 1976 sí 1986, òun ni olórí ètò ìwádìí àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti wá owó àti àyè fún ìwádìí àwọn ẹlòmíràn. Ó kú ní 2020. Orí ìwé wo ni a ó kọ ìtọ́kasí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí?

Ní Ìlọrin, ọ̀ràn náà tún gba ibòmíràn yọ. Nígbà tí a ń dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin ní 1977, Eldryd Parry ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ètò tí a gbé kalẹ̀ níbẹ̀, tí a mọ̀ sí COBES, ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé ní ìletò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n mọ omi tí àwọn ènìyàn ń mu àti ohun tí ó ń pa ọmọ wọn, kí wọ́n tó mọ wọ́ọ̀dù. A kò lè sọ pé láti Ìmẹ̀sí ni ètò náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ni ó gbé méjèèjì ró, pé ẹni tí ó bá dúró sí ilé ìwòsàn nìkan, òpin ìtàn ni yóò máa rí. Hamilton àti Ògúnbọ̀dé kọ nípa ètò náà sínú The Lancet ní 1991, àwọn ènìyàn sì tọ́ka sí i. Àwọn kànga tí a gbẹ́ àti àwọn ilé ìyàgbẹ́ tí a kọ́ nítorí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú ìwé ìtọ́kasí kankan.

Níhìn-ín ni ohun tí ó ń dùn mí wà. Nígbà tí ìwé Garfield bẹ̀rẹ̀, ìwé àtìgbàdégbà tí ó ń kà kò ju 600 àti díẹ̀ lọ, ti Áfíríkà kò sì tó nǹkan nínú wọn. Ó ti gbòòrò lónìí, ṣùgbọ́n ìjìyà rẹ̀ ṣì wà. Olùkọ́ tí ó bá ṣèwádìí lórí ìgbẹ́ gbuuru ní abúlé kan ní ẹ̀bá Ìlọrin mọ̀ pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ jáde ní òkèèrè, yóò ràn án lọ́wọ́ ju kí òun tẹ̀ ẹ́ nílé lọ. Bí ó bá sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí àwọn ará abúlé náà lè kà á, òfo ni yóò jẹ́ nínú ìṣirò rẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan péjọ ní San Francisco, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tọ́ kí a máa fi òṣùwọ̀n ìwé àtìgbàdégbà dá ènìyàn lẹ́jọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àwọn tí ó ní kí a da gbogbo ìṣirò nù. Ibi tí kò bá sí iye, ojú rere ni yóò máa joyè níbẹ̀, a sì mọ ẹni tí ojú rere ń ṣe é fún. Kí ó wà, ṣùgbọ́n kí a fi ìbéèrè kan kún un lórí ìwé ìgbéga àwọn olùkọ́ ìlera àwùjọ: ta ni ó ń lo ohun tí o rí, níbo ni ó sì ti ń lò ó?

Ó ku àwọn tí kò sí nínú ìṣirò kankan. Àwọn ọmọ tí a wọ̀n ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní 1957 ti lé ní ọgọ́ta ọdún nísinsìnyí, àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn. Àwọn ìyá wọn tí ó wà láàyè ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ìwọ̀n ara wọn wà nínú ìwé tí a lè rí ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sí níbẹ̀: ohun tí wọ́n rò nígbà tí àlejò ní kí wọ́n máa gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ohun tí ìyá ọkọ wí, ìdí tí wọ́n fi ń padà wá, ibi tí wọ́n ń fi káàdì pamọ́ sí nílé. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà bá ń lọ sílé fún ìsinmi, kí wọ́n mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání, kí wọ́n dé Ìmẹ̀sí-Ilé, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá wọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Ìwé yìí yóò wá àyè fún un ní ọdún tí ń bọ̀.